Ẹni Tó Ń Ṣí Omi Ló Ni Oko Ìpẹ̀kun

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣí omi fún ìlú. Ìlú náà wà ní ẹsẹ̀ òkè, odò kékeré kan sì ń ti ara òkè yẹn sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti fi òkúta dí odò náà lókè, kí omi lè kó jọ nígbà òjò, kí wọ́n sì rí i lò fún àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n gbẹ́ kòtò omi gígùn kan láti ibẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ogójì oko ló tò sí ẹ̀gbẹ́ kòtò náà. Tòmátì ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, àti ata, àti tẹ̀tẹ̀. Ní ẹnu kòtò ni ilẹ̀kùn kan wà, pákó ìrókò tó nípọn, pẹ̀lú irin tó dábùú rẹ̀ àti àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni àgádágodo náà ní, ọrùn ọkùnrin yìí ló sì wà, lórí okùn.

Àwẹ̀ró ọmọ mi, fọkàn bá mi lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí o ní wọ́n gbẹ bí igi nínú ìwé ìdánwò tí wọ́n fi ń sọni di ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà yẹn, ẹ̀bá kòtò omi yìí ni gbogbo wọn wà.

Àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ mọ omi, wọ́n sì mọ ọkàn ènìyàn. Wọn kò kó gbogbo rẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìkórè ọdọọdún, àwọn olóko a yan ènìyàn méjìlá láàrin ara wọn. Àwọn méjìlá yìí ló ń jókòó lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ láti dá ọjọ́ tí omi yóò ṣàn, àti bí yóò ti pẹ́ tó. Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ọkùnrin wa ló ń ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá ọjọ́. Bí wọ́n bá dá ọjọ́ tó rí i pé yóò ba nǹkan jẹ́, ó lè kọ̀ ọ́, kí ó dá ọ̀rọ̀ náà padà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́jọ nínú àwọn méjìlá bá tún dúró lórí rẹ̀, yóò ṣí i. Àwọn àgbà mẹ́ta kan tún wà, tí wọn kì í dá ọjọ́, tí wọn kì í sì í fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ tiwọn ni láti sọ ohun tí òfin wí nígbà tí ìjà bá dé. Wọ́n ti kọ òfin náà sínú ìwé kan láti ọjọ́ pípẹ́, inú àpótí ìjókòó àwọn mẹ́ta yìí ló sì máa ń wà. Olóko kọ̀ọ̀kan a mú apẹ̀rẹ̀ ìkórè kan wá lọ́dún, owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń tún ilẹ̀kùn àti kòtò ṣe. Ìyẹn ni owó orí wọn.

Àṣà kan wà nínú ìwé yẹn tí ó yà mí lẹ́nu jù. Ẹnikẹ́ni tó bá gba kọ́kọ́rọ́, yóò kúrò nínú oko rẹ̀, yóò sì gba oko ogójì, oko ìpẹ̀kun. Ibẹ̀ ni omi ń dé kẹ́yìn. Bí ó bá fẹ́ kí ewéko tirẹ̀ mu omi, àfi kí omi ti kọjá lára ti gbogbo ènìyàn.

Ó tó ọdún mẹ́jọ tí ọkùnrin yìí ti wà lórí iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tó rí àléébù kan kà sí i lẹ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. A máa ní, "Baba àwọn ọmọ mi, gbogbo ayé ń pè yín ní olómi, òùngbẹ ló sì ń pa tòmátì yín." Ọkùnrin náà a rẹ́rìn-ín, a sì gbé ọkọ́ rẹ̀.

Ọdún kan dé, òjò tètè dáwọ́ dúró. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa lọ, omi òkè kò ju ìdajì lọ. Àwọn méjìlá jókòó, wọ́n ní kí omi máa ṣàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan, láti ìdájí títí di ìgbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Ọkùnrin náà ṣe bí wọ́n ti wí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kan àtàrí, oko kẹtàlélọ́gbọ̀n ni omi máa ń wà. Àwọn oko méje tó kù kàn ń wo ọ̀nà rẹ̀ ni.

Opó kan ló ni oko kẹrìndínlógójì. Ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́, kò sì ní oko mìíràn. Ojoojúmọ́ ni ọkùnrin wa ń rí i tó ń ru omi orí wá láti inú ìlú, igbá kan fún ebè kan, tí ilẹ̀ sì ń fà á mu kí ó tó yí ẹ̀yìn padà. Ní Ọjọ́rú kan, obìnrin náà wá bá a nídìí ilẹ̀kùn. Kò sunkún. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn méjìlá ò tún ní jókòó títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdajì wọn ní ká fi ọjọ́ kan kún un, ìdajì ní ká ṣọ́ omi lò. Ìjà ni wọ́n ń jà. Tòmátì mi ò sì lè dúró kí wọ́n jà tán."

Ọkùnrin náà ní, "Mo gbọ́, àbúrò mi."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ fún mi ní omi ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn jẹ́ kó ṣàn díẹ̀."

Ó ránṣẹ́ sí olórí àwọn méjìlá. Wọ́n ní olórí ti lọ síbi òkú ìyá ìyàwó rẹ̀ ní ìlú kejì. Ó wo oko opó náà, ó wo kọ́kọ́rọ́. Ó mọ ara rẹ̀ pé òun kì í ṣe olè. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló tì í.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó rìn lẹ́bàá omi náà, ó ń fi amọ̀ dí ẹnu oko kọ̀ọ̀kan bí omi ti ń kọjá, títí ó fi dé oko opó. Omi wọlé. Ilẹ̀ náà ń dún ṣìì bí ìgbà tí wọ́n bu omi sínú ìkòkò gbígbóná. Nígbà tó tó, tí omi fẹ́ kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì dí i.

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró ní oko ìpẹ̀kun pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ó pariwo pé, "Ẹ ń dí i? Oko tiwa lẹ dí omi mọ́?"

"Bí ó bá dé oko wa, wọn á ní torí tiwa ni mo ṣe ṣí i."

"Wọ́n á kúkú sọ ọ́!" obìnrin náà dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí tòmátì wa mu omi ná kí wọ́n tó sọ ọ́!"

Ṣùgbọ́n kò ṣí i.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìròyìn ti kan gbogbo ìlú. Àwọn ènìyàn wá bá a nínú ọgbà rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àgbẹ̀ kan wà láàrin wọn, ọkùnrin gìrìpá, ohùn rẹ̀ dà bí ti agogo ilé-ìwé. Ó ní, "Àwọn méjìlá yẹn, ẹnu ni wọ́n ní. Ẹ̀yin lẹ lọ́wọ́. Láti òní lọ, ẹ má dúró de aláròyé kankan mọ́. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́rùn yín, àánú ń bẹ lójú yín. Kí la tún ń wá?" Wọ́n hó yè.

N kò ní purọ́ fún ọ, Àwẹ̀ró, ó dùn mọ́ ọkùnrin náà. Ta ni kò ní dùn mọ́?

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, omi tó kù lókè kò lágbára mọ́. Oko kejìdínlọ́gbọ̀n ló dé tí oòrùn fi kan àtàrí. Àwọn olóko márùn-ún tó máa ń rí omi tẹ́lẹ̀ kò rí i. Ọ̀kan nínú wọn gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn àgbà mẹ́ta, kò bínú, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Omi mi ló ṣàn lọ ní Ọjọ́bọ̀. Kí ni òfin wí?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Kò dá lọ. Àádọ́rin ènìyàn ló tẹ̀ lé e, alóhùn-agogo ló ṣáájú. Obìnrin arúgbó kan ni olórí àwọn mẹ́ta náà, ìkòkò ló ń mọ nígbà tó lágbára, ojú rẹ̀ kan sì ti fọ́. Ó bi ọkùnrin náà léèrè.

"Ta ló dá ọjọ́ Ọjọ́bọ̀?"

"Èmi ni, ìyá."

"Ṣé àwọn méjìlá mọ̀ sí i?"

"Rárá, ìyá."

"Ṣé omi dé oko tìrẹ?"

"Kò dé ibẹ̀."

Arúgbó náà fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wò ó. Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò dé ibẹ̀. Mo rán ènìyàn lọ wò ó. Àánú rẹ mọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n a kò fi kọ́kọ́rọ́ lé àánú lọ́wọ́. Òfin ní olóko tó bá jẹ́ kí omi ṣàn ní ọjọ́ tí a kò dá, oko rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí omi fún ọjọ́ omi mẹ́ta. Mo wá a títí nínú ìwé yìí bóyá wọ́n yọ ẹni tó ń ṣí omi sílẹ̀. Wọn kò yọ ọ́. Gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Ẹlòmíràn ni yóò máa ṣí i ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ariwo ta. Gbogbo wọn mọ̀ pé tòmátì oko ìpẹ̀kun kò lè fara da òùngbẹ ọjọ́ omi mẹ́ta mìíràn. Alóhùn-agogo fò sókè, ó ní, "Ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn rẹ̀? Ìyá arúgbó olójú kan yìí? Ó dáa, kó dìde wá gbà á ká wò ó!" Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ló sọ. Àwọn àgbà mẹ́ta náà kò ní kùmọ̀. Wọn kò ní ẹ̀ṣọ́. Àpótí ìjókòó ni wọ́n ní, àti ìwé tí ikán ti jẹ etí rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá yí ẹ̀yìn padà, tó sì bá àwọn àádọ́rin rẹ̀ lọ sílé, kò sí ẹni tó máa dá a dúró. Lọ́la, yóò ṣí omi nígbà tó bá wù ú, yóò sì ṣí i dáadáa. Oko opó yóò yè. Oko tirẹ̀ náà yóò yè.

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rí ìyàwó rẹ̀ láàrin èrò. Ìyàwó náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì mirí sí i. Ó kàn ń wò ó ni, bí ènìyàn tó ti mọ ohun tí ọkọ òun máa ṣe, tó sì ń dun ún tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin náà fa okùn kọ́kọ́rọ́ jáde lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú arúgbó náà, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà síbi ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbà á, ìyá. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, kì í sì í ṣe nítorí ara mi. Kí àwọn méjìlá fi nǹkan kún òfin náà, kí opó má baà tún máa wá ẹni tó láàánú lójú kí ó tó rí omi."

Àwọn àádọ́rin náà tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Alóhùn-agogo ló lọ kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kejì ni àwọn méjìlá jókòó. Ojú ń tì wọ́n, ìtìjú sì yára ju àròyé lọ. Wọn kò pa òfin àtijọ́ rẹ́. Wọ́n kọ tuntun sí abẹ́ rẹ̀ pé ní ọdún ọ̀dá, bí omi bá bẹ̀rẹ̀ láti oko àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí, láti oko ìpẹ̀kun ni yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oko opó yè. Oko ogójì nìkan ni wọ́n dí omi mọ́, nítorí ìdájọ́ ṣì wà lórí rẹ̀.

Tòmátì ọkùnrin náà kú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ fà á tu. Obìnrin náà sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní, "Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ omi, òùngbẹ pa oko rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí nílùú kejì, wọn á rẹ́rìn-ín kú."

Ọkùnrin náà ní, "Kí wọ́n rín in. Ohun tí wọ́n bá ń rín, wọn kì í gbàgbé rẹ̀."

Ọdún yẹn, tòmátì wọ́n débi pé apẹ̀rẹ̀ kan ń gba owó apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Ìwé rẹ sọ èyí náà: ohun tó bá ṣọ̀wọ́n, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wá, owó rẹ̀ a gun òkè. Síbẹ̀ opó náà gbé apẹ̀rẹ̀ tó kọ́kọ́ ká, kò gbé e lọ sọ́jà, ẹnu ọ̀nà ọkùnrin wa ló gbé e sí. Ọkùnrin náà fẹ́ kọ̀ ọ́. Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ìyàwó rẹ̀ ti gbé e wọlé.

Ọkùnrin wa padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣe é títí ó fi dàgbà, ó sì kú. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni yìí gbọ́n, ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò rí bíi ti ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀dá tún dé, òun àti olóko márùn-ún mulẹ̀ pé oko tiwọn nìkan ni omi yóò máa dé. Bí ti àwọn yòókù bá kú, àwọn nìkan ni yóò ní tòmátì lọ́jà, iye tó bá wù wọ́n ni wọn yóò sì pè. Ìwé rẹ ní ìkìlọ̀ fún èyí pẹ̀lú, kí ọwọ́ díẹ̀ má baà di gbogbo ọjà mú.

Ó ṣí omi ní ọjọ́ tí a kò dá. Wọ́n gbé e lọ síwájú àwọn àgbà mẹ́ta. Arúgbó olójú kan ti kú, ẹlòmíràn ló jókòó sórí àpótí rẹ̀, òun náà kò sì ní kùmọ̀. Ó ka òfin náà jáde, ó ní, "Gbé kọ́kọ́rọ́ wá."

Ẹni tó ń ṣí omi náà rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn márùn-ún rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Ó wo èrò. Bàbá kan dìde pẹ̀lú ọ̀pá láàrin wọn. Alóhùn-agogo ni. Ó ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì dàgbà. Àwọn ènìyàn rò pé yóò tún pariwo bíi tàtijọ́.

Ó ní, "Ẹni tó sàn jù ọ́ lọ ti gbé e sílẹ̀ níbí. Èmi ni mo ní kó má gbé e sílẹ̀. Ojú mi ló ṣe."

Àwọn márùn-ún náà ń wo ilẹ̀.

Bàbá náà ní, "Gbé e sílẹ̀, ọmọ."

Ó sì gbé e sílẹ̀.

Àwẹ̀ró, àwọn méjìlá yẹn ni aṣòfin. Ẹni tó ń ṣí omi ni ààrẹ. Àwọn mẹ́ta orí àpótí ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ìwé tí ikán jẹ etí rẹ̀ ni òfin ìpìlẹ̀, ohun tí wọ́n sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni àtúnṣe. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ibi ìdánwò pé kí ni kì í jẹ́ kí apá kan ìjọba lágbára ju èkejì lọ, dá wọn lóhùn bí ìwé ti wí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o yege. Mo mọ̀ pé o máa yege, síbẹ̀ àyà mi kò yéé já.

Ṣùgbọ́n ìdánwò yẹn kọ́ ló ń já mi láyà jù. Ní ọjọ́ Àìkú tí o pè mí, o ní láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lọ́hùn-ún, àròyé àwọn ìgbìmọ̀ ti sú ọ. O ní ẹni tó ni gbọ̀ngàn ìpàdé tí ẹgbẹ́ yín fẹ́ gbà kò ní dúró dè yín, pé ìwọ á kàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ fúnra rẹ, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé o kì í jalè. Òótọ́ ni. Èmi tí mo bí ọ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Nítorí náà gan-an ni ẹ̀rù ṣe ń bà mí. Bí olè bá fọwọ́ sí i, wọn á lé e. Bí ìwọ bá fọwọ́ sí i, wọn á pàtẹ́wọ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ á sì rí ọ̀nà tí o là.

Má fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Pe ìgbìmọ̀ rẹ jọ, kí o sì farabalẹ̀ gbọ́ àròyé wọn. Bí gbọ̀ngàn náà bá bọ́, kí ó bọ́. Tòmátì ọkùnrin yẹn náà kú, ṣùgbọ́n ìlú rẹ̀ ṣì ń mu omi.